Lébìrà Kọ́ Ni Iṣẹ́

Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ kan ti ń fi yé akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, labour, kò ní ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu Yorùbá ju lébìrà lọ. Irọ́ ni. Láti ara labourer, tí í ṣe orúkọ ènìyàn, ni lébìrà ti jáde: alágbàṣe tí ń ru bíríkì, tí ń po sìmẹ́ǹtì, tí ń gba owó ojúmọ́. Báwo ni orúkọ ẹni ṣe wá di orúkọ ohun tí ẹni náà ń ṣe?

Inú èdè Látìn ni labour ti wá, ó sì gba ọwọ́ àwọn Faransé kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ àti làálàá ni ó ń jẹ́ láti ilẹ̀ wá. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi pe ìrora aboyún pẹ̀lú. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dì sínú ẹrù kan ṣoṣo, Yorùbá ti pín in sí iṣẹ́, làálàá, òpò àti ìrọbí. Èdè wo ni ó wá tòṣì níbẹ̀? Nígbà tí wọ́n dá Nigeria Labour Congress sílẹ̀ ní 1978, ta ni ó pè é ní ẹgbẹ́ lébìrà? Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni.

Kí àwọn tí ń jiyàn yìí wo etí òkun Ìlàjẹ. Ní 1947 ni àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀ àti omi. Wọ́n pẹja, wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà láàárín ìlú. Fún nǹkan bí ogún ọdún, kò sí ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì: àpò kan náà ni èrè ń wọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ́ gbogbo ìlú, tí wọ́n ń dá aṣọ fún un. Ta ni lébìrà níbẹ̀? Ṣé ẹni tí ó kan ọkọ̀ ni, àbí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ sí òkun? Lóòótọ́, ètò àjùmọ̀ní náà yí padà ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, òkun pàápàá sì ti gbé apá púpọ̀ nínú ìlú náà lọ. Ìyẹn kò sọ òógùn wọn di ohun ìtìjú.

Inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù. Olùkọ́ tí ó fi “Iyì Iṣẹ́” ṣe orí ọ̀rọ̀ àròkọ ní òwúrọ̀ ni yóò jágbe mọ́ ọmọ ní ọ̀sán pé bí kò bá kàwé, lébìrà ni yóò dà. Bí ọmọ apẹja Ìlàjẹ bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé òṣìṣẹ́ ni bàbá òun, kí olùyẹ̀wò tí ó bá fẹ́ fa ìlà pupa sí i kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀.