Ilé tí kò ní mítà kì í pa iná

Ẹ rin àdúgbò yín já ní agogo méjìlá ọ̀sán, kí ẹ wo ara ògiri àti ẹnu géètì. Ẹ ó rí gílóòbù tó ń tàn nínú oòrùn gan-an. Onílé kò gbàgbé. Ó mọ̀ pé bí òun pa á, bí òun kò pa á, iye tó bá wu iléeṣẹ́ tó ń pín iná ni wọn yóò kọ ránṣẹ́ sí òun lópin oṣù. Owó àfojúdá ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò gbà kí ìyá onígààrì máa fojú wọn gààrì fún òun láìsí kóńgò? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni àìmọye ilé ṣe ń ra iná lórílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ wá wo ilé tó ní mítà, tí wọ́n ń ra yúníìtì sínú rẹ̀ kí iná tó tàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná lórílẹ̀-èdè yìí, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ lójúmọ́, láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Owó náà ni aráàlú lára, a sì sọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìwà yí padà nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn. Ọmọdé ń pa iná kó tó jáde ní yàrá. Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ kí áyọ́ọ̀nù tó tutù. Ìyá tó ń ta omi tútù ti mọ wákàtí tó yẹ kó yọ fíríìsà rẹ̀ kúrò lára iná.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 60, bí ó bá tàn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, yóò jẹ yúníìtì 10.8 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Gílóòbù LED tó jẹ́ wáàtì 9, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kéré sí ti àkọ́kọ́, yóò jẹ 1.62. Ní náírà 209 àti kọ́bọ̀ 50 tí wọ́n sọ yúníìtì Band A dì ní oṣù keje ọdún 2024, ti àkọ́kọ́ gbé náírà 2,262 lọ. Ti èkejì kò tó 340. Ilé tó ní mẹ́wàá nínú gílóòbù àtijọ́ yìí ń sun ohun tó lé ní náírà 19,000 dànù lóṣooṣù.

Ó sì ń sun ju owó lọ. Gáàsì ni wọ́n ń jó láti fi pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa, ní Ẹ̀gbìn, Ìkòròdú, àti láwọn ibùdó mìíràn. Ti jẹnẹrétọ̀ ojúlé wa náà ń bẹ níbẹ̀: lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó tán ti tú èéfín kábọ́ọ̀nù tó lé ní kílò méjì sójú òfurufú. Èéfín yìí ló ń mú ayé gbóná. Òótọ́ ni pé àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ti tú tiwọn ju tiwa lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n oorun tí kò ṣeé sùn lóru oṣù kẹta, orí ẹní tiwa ló wà.

Àtúnṣe ti wà ní àrọ́wọ́tó: òfin iná mọ̀nàmọ́ná ọdún 2023 ti gbé àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iná lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì ti gba àkóso ọjà iná tiwọn. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn gómìnà márààrún ni pé kí wọ́n dá ọjọ́ kan, kí wọ́n kéde rẹ̀, kó sì jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ilé kankan kò ní san owó àfojúdá mọ́. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti sẹkitéríàtì tiwọn, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí ènìyàn kò sí, tí wọ́n sì ń fi owó ìlú san owó iná rẹ̀. Kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀. Kí wọ́n máa lẹ iye yúníìtì tó jẹ lóṣooṣù mọ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí ará ìlú ti lè kà á. Àwa yóò máa rán akọ̀ròyìn wa lọ kà á.