NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ DÁJÀ SÍLẸ̀ L'ỌJÀ AJAH

"Màmá, mo ti sanwó o!"

"Síbo? Àláàtì ò wọlé!"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di iṣu ata yán-an-yàn-an l'ọ́jà Ajah l'áàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn. Oníbàárà na fóònù sókè, ó ní owó ẹja ti kúrò nínú àkáǹtì òun. Ìyá ẹlẹ́ja di ọ̀rá ẹja mú, ó l'óun ò fẹja ṣe sàráà. Oníbàárà bínú lọ. Kò pé wákàtí méjì, owó wọlé gbàrà. Ìyá wá ń wá ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ kiri ọjà!

Kí GSM tó dé l'ọ́dún 2001, wáyà tẹlifóònù ni wọ́n ń so kọ̀ǹpútà mọ́ kó tó rí íntánẹ́ẹ̀tì. Òjò kékeré báyìí, wáyà kú. Ayé ti kúrò níbẹ̀ o, àbí? L'óṣù kẹrin ọdún 2022, Equiano, wáyà abẹ́ òkun ti Google, gúnlẹ̀ s'étíkun Elegushi ní Lẹkki, ẹ̀bá Ajah níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà òkun kì í wọ fóònù ìyá ẹlẹ́ja tààrà. Ó di kó gba wáyà abẹ́ ilẹ̀ dé òpó; bí katakátá àwọn tó ń ṣe títì bá gé ìyẹn, àdúgbò dákẹ́. Òkun pàápàá ń ṣe tirẹ̀: l'ọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báńkì sì dàrú ní Nàìjíríà.

Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń dà láàmú, kó kọ́kọ́ tẹ *323#. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣépè fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tó jẹ́ pé dátà ló tán. Bí dátà bá wà, kó pa fóònù, kó tún un tàn, kó sì jáde lábẹ́ páànù. Páànù ń dí sígínà. Síìmù iléeṣẹ́ méjì sàn ju ẹyọ kan lọ.

Èyí tó já sí owó jù ni kóòdù báńkì, èyí tó ń fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò bèèrè dátà, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Àláàtì lè pẹ́ l'ọ́nà. Bálánsì ni kí ọlọ́jà yẹ̀ wò. Àláàtì ojú fóònù oníbàárà kì í ṣe owó o, àwọn gbájúẹ̀ ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ síìmù ò bá dá èèyàn lóhùn, 622 ni nọ́ńbà NCC, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá ẹlẹ́ja ti ra jọ́tà báyìí. Kó tó wọn ẹja fún ẹni tó fẹ́ ṣe tiransífà, ó ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Oníbàárà ọjọ́sí kò tíì padà. Ìyá ti yọ owó rẹ̀ jáde, ó so ó mọ́ etí ìró.