Ẹ Jẹ́ Kí Ìsọ̀ Wa Bá Wa Sọ̀rọ̀



Ọ̀rọ̀ àwa aládìrẹ la mú wá. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún ọjà. Ó jọ tiwa, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á. Oníbàárà á wo méjèèjì, á ní kí ló dé tí tiwa fi wọ́n? Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀. Ìsọ̀ wa ni kò sọ fún un.

Ẹ má kàn kó aṣọ jọ gègèrè. Ẹ gbé ìkòkò aró tí ìyá yín lò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ so ìko mọ́ ògiri, kí ẹ gbé ìyẹ́ adìyẹ tí a fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ lé tábìlì. Ẹ ta Ìbàdàndùn kan gbalaja, kí ẹ fi òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, han oníbàárà nínú ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìyá tó dá ìsọ̀ sílẹ̀ sókè. Ẹni tó bá rí gbogbo ìyẹn á mọ ohun tó ń sanwó fún.

Àmọ́ o, a ò ní fi bò: àwọn kan nínú wa ń da ti ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ tọwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ pe kálukú lórúkọ ẹ̀. Bí ìkòkò aró bá wà níwájú aṣọ ẹ̀rọ, irọ́ ni ìsọ̀ ń pa. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, gbogbo wa ni yóò jọ jẹ gbèsè ẹ̀.

Ajé á wọ igbá o.