Nótíìsì Lára Ilé: Ẹ Dáhùn, Ẹ Má Sá

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé tí a jọ ń gbé Gowon Estate àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ilé wa.

Màmá kan nínú ìjọ wa ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Opó ni wọ́n, fúláàtì kan lókè sì ni ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n jí, wọ́n bá àmì ọ̀dà pupa lára ògiri ìsàlẹ̀, wọ́n sì bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu àtẹ̀gùn pé ilé náà léwu, kí gbogbo ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kó jáde. Wọn kò fọwọ́ kan bíríkì kan o! Ẹni tó ni fúláàtì ìsàlẹ̀ ló wó ògiri, tó sọ pálọ̀ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù, tó sì fa ilé síwájú títí dé etí gọ́tà. Ọdún méjì ni Màmá fi ń wò ó, tí wọn kò sọ̀rọ̀, nítorí pé wọn kò fẹ́ ìjà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn olùdámọ̀ràn ti pọ̀. Ẹnìkan ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa àmì náà rẹ́. Òmíràn ní òun mọ ènìyàn ní ọ́fíìsì, kí wọ́n sáà wá owó. Ẹ̀kẹta ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, pé ilé ìjọba àpapọ̀ nìyí, ìwé FHA wà lọ́wọ́ wọn, ìjọba Èkó kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni kẹta yìí ni n óò kọ́kọ́ mú, nítorí ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ estate yìí, orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló sì ń jẹ́. Òótọ́ sì ni pé ìwé tí FHA fún yín fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni fúláàtì. Ṣùgbọ́n ìwé pé mo ni ilé yàtọ̀ sí ìwé pé mo lè tún un kọ́ bó ṣe wù mí. Ìjọba Èkó ti gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ilé ẹjọ́ náà sì dá a ní 2003 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú àti ilé kíkọ́ nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ òfin ètò ìlú tí Èkó ṣe ní 2010, àjọ LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló sì ń ṣọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọ àti bó ṣe rí lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fi ìwé FHA dáhùn nótíìsì LASBCA kò tíì dáhùn nǹkankan.

Ní ti ọ̀dà funfun, ẹ rántí Ìta Fájì ní Lagos Island. Ní 13 March 2019 ni ilé kan wó níbẹ̀ tòun ti ilé ìwé tó wà nínú rẹ̀. Ènìyàn 20 ló kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti máàkì ilé náà fún wíwó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń wá owó fún àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń kun ọ̀dà. Bí owó bá tilẹ̀ mú fáìlì náà sọnù, ṣé yóò mú òpó tó ti sán dúró ni?

Kí wá ni kí onílé ṣe? Kí ó dáhùn. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ 36 rẹ̀, pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni tí ìpinnu ìjọba kàn. Ẹ ka ìwé náà dáadáa. Nótíìsì pé ẹ rú òfin yàtọ̀ sí èyí tó ní kí ẹ dá iṣẹ́ dúró, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ti wíwó. Ẹ wo déètì rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fún yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí òjò tó fà á ya.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín: fáìlì kò gbọ́ ẹkún, ìwé ló ń gbọ́. Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tí ẹ óò mú padà sílé. Ẹ wá ẹnjiníà tí COREN forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe bíríkìlà tó mọ bàbá yín, kí ó yẹ ilé wò, kí ó sì fọwọ́ sí ohun tó bá rí. Ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà pẹ̀lú, tí wọ́n lè yẹ kọnkéré wò láì fọ́ ọ. Bí àjọ náà bá ta kú, òfin 2010 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ètò ìlú àti ilé kíkọ́. Lẹ́yìn tiwọn, Ilé Ẹjọ́ Gíga wà. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lórí yín.

Èmi kò gbè sẹ́yìn ìjọba o. Lójú tèmi, ó yẹ kí nótíìsì wọ̀nyí wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ibi tí ènìyàn lè pẹjọ́ sí sára rẹ̀. Opó tí kò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kan wà?

Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ẹni tó ń pẹjọ́ nítorí kí ó lè gba owó ilé ọdún kan sí i lọ́wọ́ ayálégbé. Bí ẹnjiníà tí ẹ̀yin fúnra yín pè bá sọ pé ilé ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn jáde ná, kí ẹ tó máa ro ẹjọ́. Ìwé Diutarónómì orí 22 pàṣẹ kí onílé mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lórí ilé náà. Kò tilẹ̀ jìnnà sí wa. Ní Ìkòtún níbí ni ilé àlejò ìjọ Synagogue ti wó ní 12 September 2014, tí ènìyàn 116 kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti South Africa. Ìwádìí ikú wọn tó parí ní 2015 sọ̀rọ̀ nípa ìwé àṣẹ tí kò sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò fẹ́ kí pásítọ̀ dárúkọ èyí. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé àwa náà ń kọ́lé, a sì ń kó ènìyàn sínú rẹ̀.

Ní ti Màmá, a kọ lẹ́tà, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹnjiníà wá. Ó ní òkè dára, ṣùgbọ́n ògiri tí wọ́n wó nísàlẹ̀ wà lára ohun tó gbé ilé náà ró, pé a lè tún un ṣe bí a kò bá jẹ́ kí ó pẹ́. Ohun tí a kọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ wa nìyẹn: kí wọ́n jẹ́ kí a tún un ṣe lójú wọn dípò wíwó. Onílé mẹ́fà ló wà nínú búlọ́ọ̀kù náà, gbogbo wọn ni yóò sì dá owó iṣẹ́ náà. Mẹ́rin ti san. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní òun ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá ni Màmá ń sùn báyìí, orí kápẹ́ẹ̀tì ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn mẹ́ta.