Gìtá Ọba Sunny àti Iṣẹ́ Tí Ẹ Ń Fojú Tẹ́ńbẹ́lú

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan ní òun fẹ́ yọ ọmọ òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tọ́nà ní Panteka, pé kọ̀ǹpútà ló ń gé irin báyìí, iṣẹ́ lathe ti di iṣẹ́ àtijọ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́ ní tèmi. Ẹ jẹ́ kí n fi gìtá dá wọn lóhùn.

Ṣé ẹ rántí gìtá tó máa ń sunkún nínú orin Ọba Sunny Adé, èyí tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù máa ń jókòó tì? Ẹ gbọ́ àwo Juju Music ti 1982, ẹ ó gbọ́ ọ níbẹ̀. Pedal steel ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í gbé e kọ́rùn, ó dà bíi tábìlì. Ẹ bá wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rò pé abẹ́ mọ́tò lẹ wà. Tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà, ọ̀pá irin kan á yí sáàfù, sáàfù á fa ọ̀pá tín-ín-rín mìíràn, ìyẹn á fa irin kékeré bí ìka tí okùn gùn lé, ohùn á sì gòkè. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀, sípíríìnì á dá a padà síbi tó wà. Ibi tó wà gan-an o! Bó bá fi díẹ̀ yẹ̀, orin ti dàrú nìyẹn.

Paul Bigsby, ará California, ṣe ọ̀kan fún Speedy West ní 1948. Ẹni tó ń gbẹ́ àpẹẹrẹ igi fún àwọn adarin ni, ó sì mọ tinú-tẹ̀yìn alùpùpù. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń gé irin fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ da alumíníọ̀mù á kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ sígi, á jẹ́ kó tóbi díẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ, torí ó máa ń sún kì tó bá tutù. Á fi igi yẹn tẹ yanrìn, á yọ ọ́, á da alumíníọ̀mù yíyọ́ sójú rẹ̀. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń da ìkòkò lọ́dọ̀ wa níbí náà nìyẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá kan lathe, fáìlì àti dídán.

Ọ̀rọ̀ ihò ló dùn mọ́ mi jù. Gìtá olókùn mẹ́wàá lọ́nà méjì, ogún ìka ni, gbogbo ihò wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fojú wọ̀n ọ́n? Wọ́n á fi irin líle ṣe àwòṣe kan, wọ́n á fara balẹ̀ lu ihò sí i lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ìka tí wọ́n bá fẹ́ lu, abẹ́ àwòṣe yẹn ni wọ́n á dì í mọ́. Ẹni tó bá ba àwòṣe jẹ́ ti ba ogún jẹ́.

Mi ò ní parọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ní wàhálà tiẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi fáìlì ha kó lè wọlé sára gìtá kan lè má wọ òmíràn. Èmi tí mo ń ta ẹ̀yà ọ̀kadà mọ ìyẹn dáadáa. Ìjà tí mo ti bá oníbàárà jà lórí "kò wọlé" kò lóǹkà. Kọ̀ǹpútà gba wá níbẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò lè di irin tí kò dúró dáadáa mú fún yín. Ẹni tó mọ bí irin ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ọ̀bẹ ló ń mọ̀ kí iṣẹ́ tó bàjẹ́, ìdí lathe ló sì ti ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá wí, ẹ má bínú. Ọmọ yẹn ti lo ọdún méjì, ó ku ọdún kan. Ọ̀gá ẹ̀ sọ fún mi pé ihò tó bá lu kì í yẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí, kó wá lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ní òun ò tíì gba ẹlòmíì sí ààyè ẹ̀, òun ń dúró dè yín di òpin oṣù.