Ìjà Kọngílá Lórí Ẹ̀rọ Omi: Kí Ni Tiwa Níbẹ̀?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, nígbàkúùgbà tí àwọn kọngílá bá ń du iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ omi di mímọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ohun tí a máa ń gbọ́ ní gáréèjì àti ní ilé-iṣẹ́ ni pé: “Kí wọ́n gbé e fún ẹni yòówù, omi ni a fẹ́.” Ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí ó tún ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì, kò lè ní sùúrù fún ẹjọ́. Síbẹ̀, a kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Òfin ọdún 2007 lórí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba àpapọ̀ kò sọ pé kí a gbé iṣẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lásán. Ohun tí a kọ pé a fẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gbọdọ̀ kọ́kọ́ bá mu. Àwa tí a ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ lójoojúmọ́ mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí ń wọn kílórínì bá ń ṣe ségesège, omi lè mọ́ lójú kí ó má mọ́ nínú. Àwọn ọmọ wa ni yóò mu ún.

Òfin kan náà fún kọngílá tí ó bá rí màgòmágó ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti kọ̀wé sí ọ̀gá ọ́fíìsì tí ó gbé iṣẹ́ jáde. Ọ̀gá ní ọjọ́ 15 láti dáhùn. Bí kò bá tẹ́ kọngílá lọ́rùn, ó ní ọjọ́ 10 láti gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí ń ṣọ́ iṣẹ́ àgbàṣe ní Àbújá, tí yóò dá iṣẹ́ dúró, tí yóò sì dájọ́ láàárín ọjọ́ 21. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 61, bí oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta sàn ju kí ẹ̀rọ tí kò dára dúró bí ère fún ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n kọngílá nìkan ni ọ̀nà yìí wà fún. Àwa tí a ń san owó orí ńkọ́? Òfin náà sọ pé ará ìlú lè wo àwọn ìwé iṣẹ́, bí ó bá san owó ẹ̀dà. Òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe sì fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ti ìpínlẹ̀ ni ilé omi Ìjú àti Adíyàn tó wà fún Èkó, àti Aṣéjíire àti Ẹlẹ́yẹlé tó wà fún Ìbàdàn. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin 2011 yìí de ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka wa yan ènìyàn mẹ́ta, kí wọ́n kọ̀wé béèrè: ta ni ó du iṣẹ́, èló ni wọ́n pè é, kí ni a fi yan ẹni tí a yàn? Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ kọngílá kankan láti ṣe ìwọ́de fún un. Ìjà tiwọn ni ti èrè. Tiwa ni ti omi tí a ń mu.