Ilé Tíì ní Ìdálẹ̀: Kí Ìṣirò Ṣáájú Owó Ilé

Òwò tíì títà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òwò tí ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Òkè Ọya máa ń kọ́kọ́ rò nígbà tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan ti ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó fẹ̀yìn tì tí kò sì tíì fẹ́ kó ẹrù padà sílé, ìyá tí ọjà aṣọ rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, ọ̀dọ́ tí ó kàwé tí kò ríṣẹ́, gbogbo wọn ni ó ń rí èrò tí ń yí oníkẹ́tùrù ká ní ìdájí, wọn a sì máa wí lọ́kàn ara wọn pé iṣẹ́ yìí kò le. Kẹ́tùrù kan, èédú díẹ̀, mílíìkì, ṣúgà àti bẹ́ǹṣì méjì, ó parí. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó lè sọ owó ìfẹ̀yìntì ọgbọ̀n ọdún di eérú kí ọdún kan tó yí po. Tíì kò ṣòro láti pò. Ilé tíì ni ó ṣòro láti dá sílẹ̀ kí ó sì dúró. Ohun tí ó sì ń mú un dúró ju adùn lọ ni ìṣirò tí onílé tíì ti ṣe kí ó tó san owó ilé.

Orúkọ méjì tí ohun mímu yìí ń jẹ́ ti tó láti la ojú ẹni tí ó fẹ́ tà á. Yorùbá ń pè é ní tíì nítorí pé ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gbà á. Haúsá ń pè é ní ṣáyì, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá. Ọ̀kan gba ojú òkun dé, èkejì gba ọ̀nà aṣálẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ọmọ Yorùbá kà sí oúnjẹ òwúrọ̀ lásán jẹ́ ohun ìkójọpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òkè Ọya, ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ìdí kẹ́tùrù máíṣáyì ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ra ọjà tí wọn kò tíì fojú rí.

Ó tọ́ kí ẹni tí ó fẹ́ dá ilé tíì sílẹ̀ mọ èyí dájú, nítorí pé máíṣáyì ti wà ní oríta kí òun tó dé. Púpọ̀ nínú wọn kì í san owó ilé tí ó wúwo, àwọn fúnra wọn ni ọ̀gá, àwọn náà ni ọmọ iṣẹ́. Àlejò tí ó bá sanwó ilé, tí ó gba ọmọ iṣẹ́, tí ó tún ní òun yóò tà ní ẹ̀dínwó ju máíṣáyì lọ, ẹ̀yìn ni yóò fi gúnlẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó tà ni èyí tí kẹ́tùrù ẹ̀gbẹ́ títì kò ní: òrùlé nígbà òjò, àga tí ó ní ẹ̀yìn, omi tí a fi ń fọwọ́, àyè tí obìnrin lè jókòó sí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ láìsí ìtìjú, àti ìdákẹ́jẹ́ tí ènìyàn méjì lè fi sọ̀rọ̀ òwò. Ẹni tí ó wá nítorí nǹkan wọ̀nyí kò ní bínú bí ife rẹ̀ bá fi díẹ̀ wọ́n ju ti ìta lọ.

Ìlú Jos jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Orí òkè ni ìlú náà wà, ní ìwọ̀n bíi mítà 1,200 sókè ju òkun lọ, òtútù rẹ̀ sì mọ́ ara gbogbo ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀. Ìwakùsà tánganran ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ó kó Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá jọ sí ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílé. Nínú irú ìlú báyìí, oníbàárà kì í ṣe ẹ̀yà kan. Ọmọ Yorùbá ń wá ògì àti àkàrà ní àárọ̀. Haúsá ń wá kókó àti kósáì. Ohun kan náà ni, orúkọ ni ó yàtọ̀. Ilé tíì tí ó bá ní ògì gbígbóná, àkàrà, búrẹ́dì àti ẹyin díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì rẹ̀ ti fi òrùlé kan gba ahọ́n púpọ̀. Koóko ọba tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ewé tíì, atalẹ̀ àti kànáfùrù kò wọ́n lọ́jà, wọ́n sì lè sọ ife kan di èyí tí ènìyàn yóò rántí. Ewé tíì gidi pàápàá kì í ṣe ohun òkèèrè nìkan: a ń gbìn ín ní Kakara lórí òkè Mambila ní ìpínlẹ̀ Taraba.

Kí a tó san owó ilé, ó yẹ kí a lọ dúró ní àdúgbò náà fún ọjọ́ méje gbáko, ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kí a máa ka iye ènìyàn tí ń kọjá àti iye tí ń yà mu nǹkan. Ibùdókọ̀ a máa kún ní agogo mẹ́fà àárọ̀, a sì dá páropáro ní ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé a máa dákẹ́ nígbà ìsinmi. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àdúgbò ni kí a wò kí a tó sọ ilé tíì lórúkọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí a mú ìwé àti kálámù. Ẹ jẹ́ kí a fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ lásán, kí oníkálukú sì fi iye ọjà ìlú tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní ₦500 ni a ń ta ife tíì kan, tí ewé tíì, mílíìkì àti ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ ₦300. Èrè orí ife kan jẹ́ ₦200. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, èyí tí í ṣe ₦30,000 lóṣù. Kí owó ọmọ iṣẹ́ jẹ́ ₦60,000. Kí èédú, omi, iná àti ọṣẹ jẹ́ ₦30,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000 lóṣù. Ife 600 ni a gbọ́dọ̀ tà kí a tó lè san gbèsè wọ̀nyí. Bí a bá ń ṣí ilé ní ọjọ́ 25 lóṣù, ife 24 ni lójoojúmọ́. Ife kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni onílé tíì bẹ̀rẹ̀ sí tà fún ara rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ₦75,000 wọ àpò òun lóṣù, ife 39 ni kí ó máa tà lóòjọ́. Ẹni tí ó ti ka èrò fún ọjọ́ méje ni ó lè dá ara rẹ̀ lóhùn bóyá ife 39 ṣeé ṣe níbẹ̀ tàbí kò ṣeé ṣe.

Ìṣirò yìí kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a tó jù ú sẹ́yìn. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí ó sì jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, kò sí oníṣòwò oúnjẹ tí kò mọ bí owó ọjà ṣe ń fò. Bí mílíìkì àti ṣúgà bá fi ₦50 péré kún ohun tí ife kan ń jẹ, tí onílé tíì kò sì fi kọ́bọ̀ kan kún iye tí ó ń tà á, èrè rẹ̀ yóò di ₦150; ife 32 ni yóò sì máa tà lóòjọ́ kí ó tó dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń tà wàràwàrà tí wọ́n sì ń jẹ gbèsè, nítorí pé wọn kò tún ìṣirò wọn ṣe.

Àwìn ni ọ̀tá kejì. Ife kan tí a kò san owó rẹ̀ ti gbé ₦300 lọ, èrè ife kan àbọ̀ ni yóò sì dí i. Nígbà kan rí, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ ń ta àwìn láti ìlú dé ìlú, wọn a sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi sanwó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ta ni ó lè lóṣòó nítorí owó ife tíì kan? Ẹ̀kọ́ tí ó tún korò ju èyí lọ ti Ghana wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ni ó fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajigbèsè tí wọn kò tún rí mọ́. Nàìjíríà kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó òun máa sùn ní àpò ẹlòmíràn.

Ní ti owó ìdókòwò, ìdajì ohun tí a ní ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí owó oṣù mẹ́ta wà nípamọ́, nítorí ilé tíì tuntun kì í mọ oníbàárà lọ́jọ́ kan. Èsúsú àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá ń dá sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá dé sàn ju owó èlé lọ.

Ìmọ́tótó kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Mílíìkì agolo tí a ti ṣí kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú ooru. Ẹni tí ń po oúnjẹ fún ará ìlú gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ara bí ìjọba ìbílẹ̀ ti là á sílẹ̀, kí ó má ṣe dúró de wolé-wolé. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a tì pa ń tú èéfín olóró jáde tí a kò lè fi ojú rí, tí a kò sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì ń pani lójú oorun. Ìta tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gbòòrò ni kí ààrò wà, àní nígbà ọyẹ́. Bí orúkọ tí a kọ sí ẹnu ọ̀nà bá yàtọ̀ sí orúkọ olówó rẹ̀ gan-an, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 fẹ́ kí a forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Owó yòówù tí a bá san fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ ìjọba, kí a gba rìsíìtì rẹ̀.

Kí onílé tíì sì mọ àṣà ìlú tí ó wà. Nínú oṣù Ràmàdáánì, ọ̀sán yóò dá, ṣùgbọ́n àkókò ìṣínu àti sààrì yóò kún. Ẹni tí ó bá yí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ padà yóò jèrè, yóò sì gba ọ̀wọ̀. Bí ó bá gba ọmọ àdúgbò kan síṣẹ́, ó ti rí ẹni tí yóò gbọ́ èdè oníbàárà, ó sì ti rí alágbàwí ní ọjọ́ ìṣòro.

Ìjọba pẹ̀lú ní ojúṣe tirẹ̀. Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kọ̀ kí a fi ìyà jẹ ọmọ orílẹ̀-èdè nítorí ibi tí ó ti wá. Abala 43 sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti ní ilé tàbí ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé iye owó ìsọ̀ àti owó orí ìsọ̀ sí gbangba, kí iye kan náà kan onílé àti àlejò. Ohun tí ó ń pa òwò kéékèèké ni owó tí a kò mọ iye rẹ̀ ṣáájú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi í sínú ìṣirò.

Kí ẹni tí ó ní owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ lónìí má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán an lójú. Kí ó ka èrò, kí ó ka ife, kí ó ka owó, kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.